Àmín Tí A Ṣe Sórí Píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà sí ọkọ̀ tí ẹ kò tíì wà. Bó bá jẹ́ bàbá tó bí yín lọ́mọ ni, ẹ dì í lẹ́nu. Rárá o, ẹ má di bàbá yín lẹ́nu, ìyẹn ò dáa. Ẹ bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná. Ẹ gbé e gun òkè, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá gbàdúrà. Bí ẹ bá ṣe é sódì bí a ti ṣe é, ohun tí ojú wa rí lojú yín máa rí.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Tí mo bá kọ ohun tí kò tọ́, ẹ fi orí jì mí. Inú ló ń bí mi. Ẹ̀rù náà sì ń bà mí, kí n má purọ́.

Ẹni tó ta ọkọ̀ fún wa, Bọ̀wálé ni màá máa pè é. Orúkọ rẹ̀ kọ́. Iléṣà ló wà, ó ń ta jíìpù, ó ń ta píkọ́ọ̀pù. Mi ò ní sọ àdúgbò.

Pákó ni mò ń tà ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ilé ń hù níbẹ̀ bí olú, gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ló ń wá pákó. Mùyídéènì ọkọ mi ló ń lọ kó o lọ́dọ̀ àwọn tó ń la igi nínú igbó Ìjẹ̀ṣà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ la fi ń kó o. Ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dá wa lóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a ra píkọ́ọ̀pù tiwa, èyí tí iwájú rẹ̀ gba èèyàn márùn-ún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù.

A mú Bàbá lọ. Bàbá tó bí ọkọ mi ni. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ń gbé, fìlà ni wọ́n ń rán kí ojú wọn tó rẹ̀. Ẹnu wọn mọ́. Tí wọ́n bá gbàdúrà fún èèyàn, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá ni mò ń bá jà. Bóyá díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, yèyé mi," ni Bọ̀wálé kí mi. Bẹ́ẹ̀ làwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ìyá. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Àgbà wọlé, ire wọlé."

Píkọ́ọ̀pù náà ń dán. Ó ń ta sánsán, wọ́n ti fín lọ́fínńdà sínú rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tuntun. Mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti wà á lónìí ni?"

"Mo gbé e lọ ra epo ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí yèyé fẹ́ din ẹja lórí ẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo yọwọ́. Ẹ̀yin, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má yọwọ́ o. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń padà bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tutù, ẹ má sì sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti mú gbóná dè yín, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde wò."

Bọ̀wálé sún sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Ọ̀gá, láìgbàdúrà? Ọkọ̀ tí ẹnu àgbà ò tíì kàn, ẹ fẹ́ gbé e lé títì? Bí nǹkan bá ṣe é, ta ni ká bi? Bàbá rèé nílẹ̀, ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni ọ̀nà àti ewu."

Bàbá ti ń húkọ́, wọ́n ti ń ká ọwọ́ aṣọ sókè. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e lé ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan táyà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. "Irin kò ní jẹ yín. Ọ̀nà kò ní gbà yín. Ẹ ó máa lọ, ẹ ó máa bọ̀." A ń ṣe àmín. Bọ̀wálé kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, àmín tirẹ̀ ló ròkè jù.

Lẹ́yìn àmín, ta ló tún ń dán ọkọ̀ wò? Ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò. Tó bá tún ní òun ń yẹ ọkọ̀ wò, ó dà bí ẹni pé ẹnu bàbá rẹ̀ ló ń yẹ̀ wò. Bọ̀wálé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò parọ́ fún wa, ẹ gbọ́ mi o. Kò sọ pé ọkọ̀ dáa. Ó kàn jẹ́ kí bàbá wa sọ ọ́.

Ó juwọ́ sí wa. "Ọkọ̀ tí a bá ti ṣe àmín sí, kì í padà wá sí ìsọ̀ mi o!" A rẹ́rìn-ín sí i. A rò pé àdúrà nìyẹn náà.

Ní Òṣogbo, ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Ilẹ̀ tẹ́jú. Mẹkáníìkì kan ní Ọ̀fàtẹ̀dó tẹ búréèkì rẹ̀ nínú ọgbà, ó ní ó le, ó ní kò sí wàhálà. Kò wà á jìnnà. Kò gbé ẹrù lé e.

Ìgbà tó yá, ẹnì kan wá ra pákó lọ́dọ̀ mi. Ẹ má bi mí bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ má bi mí ìlú rẹ̀. Ó yan pákó tán, ó yíjú, ó rí píkọ́ọ̀pù wa níwájú ìsọ̀. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ pa ibi kan tó ti jóná lára pẹpẹ ẹrù.

"Ìyá Awwal, níbo lẹ ti rí ọkọ̀ yìí?"

"A rà á ni. Kí ló dé?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ló jó ibí yìí. Ojú mi ló ṣe." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìtagúnmódì ni, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Etí kòtò ya, ọkọ̀ yìí rì sínú ẹrẹ̀, òjò sì ń rọ̀ lé e. Ó pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó rí i fà jáde. Wọ́n ní wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ wo bó ṣe ń dán.

"Ẹ wọ ẹ̀yìn. Ẹ fa bẹ́líìtì yẹn. Ẹ fà á dé ìdí. Èèyàn a máa fọ gbogbo ara ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń rántí ìdí bẹ́líìtì."

Mo fà á. Ó mọ́. Mo tún fà á, ó mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ ti àga, mo fà á tagbáratagbára. Ìdí rẹ̀ jáde. Ó pupa. Ẹrẹ̀ gbígbẹ dà sórí ìró mi bí ata gígún.

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde. Gbogbo iná kéékèèké tó wà níwájú awakọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tàn ná kí wọ́n tó kú. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ nìyẹn."

Mo yí i. Gbogbo èyí tó kù tàn. Iná búréèkì ò tàn.

Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o, Ìyá Awwal. Àwọn èèyàn yẹn..." Kò parí rẹ̀. Ó yára lọ. Ó gbàgbé pákó tó ti san owó rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un. Ó jókòó sórí pákó, ó ń fi èékánná ha á.

"Mùínàt, ẹrẹ̀ kì í pa èèyàn."

"Búréèkì ń kọ́?"

Ó ṣáà ń ha pákó lọ. Mo ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

"Ó ti ṣe ọ́ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Mo kó ẹrù, mò ń sọ̀ kalẹ̀. Ó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, kó tó mú."

"O ò sì sọ!"

"Kí n sọ pé kí ni? Kí n lọ bá Bàbá pé àdúrà wọn ò gbà?"

Mo pariwo. Àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Mo pè é ní òmùgọ̀, mo sọ pé ṣé torí kí ojú má ti Bàbá ni yóò ṣe lọ sí sàréè. Ó ní kí n rọra. Mi ò rọra. Títí di báyìí tí mò ń kọ ọ́, mi ò tíì rọra.

Mo fóònù Bọ̀wálé fúnra mi.

"Yèyé mi! Ọkọ̀ ń kọ́?"

Mo ní búréèkì rẹ̀ ń sá lọ. Mo ní kó wá gba ọkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nìyẹn.

"Kò burú. Màá gbà á. Ṣùgbọ́n Bàbá ló gbàdúrà sí i. Kí Bàbá wá dúró síbi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sọ ọ́ níṣojú èèyàn pé àdúrà àwọn ò gbà. Kí n ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta ọkọ̀, yèyé. Kò tíì sí bàbá kan tó wá. Kò tíì sí pásítọ̀ kan tó wá."

Ó wá yé mi. Àwọn kan ń mú pásítọ̀ wọn lọ, àwa mú bàbá wa. Gbogbo wa la fọwọ́ ara wa mú okùn lọ fún un pé kó fi dè wá. Inú bí mi, ojú mi ṣú. Mo pariwo sí fóònù, "Ẹrẹ̀ Ìtagúnmódì ṣì wà nídìí bẹ́líìtì rẹ, olè!"

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò lóhùn rẹ̀.

"Ta ló sọ Ìtagúnmódì fún yín?"

Mo pa fóònù. Ẹnu mi ni. Ẹnu mi ti ta èèyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, a lọ bá Bàbá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ìbínú wà.

"Bàbá, ẹ bá wa dé Iléṣà. Ẹ bá wa sọ fún un."

"Kí n sọ pé kí ni, ìyàwó? Pé Ọlọ́run ò gbọ́ mi?"

"Kì í ṣe Ọlọ́run, Bàbá. Búréèkì ni."

"Ṣé èmi ni mo rọ búréèkì?"

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò!"

"Mùínàt!" Ọkọ mi di ejìká mi mú. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ọmọ yín ló ń wà á, Bàbá. Tó bá kú, ẹnu yín yìí náà lẹ máa fi kírun sí i lára."

Ọ̀rọ̀ náà burú. Mo mọ̀ pé ó burú kí n tó sọ ọ́. Bàbá wo ọmọ wọn, wọ́n wò mí. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí.

"Ìgbà wo lẹ tún ń lọ kó pákó?"

Ọkọ mi ní, "Lọ́la, Bàbá."

"Èmi ni màá jókòó síwájú. Ohun tí mo bá gbàdúrà sí, ó yẹ kí n lè gùn ún."

Mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń wá fìlà tí wọn yóò dé.

Èmi náà wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì. Wọn kì í mú mi lọ tẹ́lẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn Bàbá, mo di bẹ́líìtì ẹlẹ́rẹ̀ náà mọ́ra. Ní àlọ, kò sí nǹkan. A dé inú igbó, wọ́n di pákó sẹ́yìn, ó ga. Bàbá ń fi tẹ̀sùbáà pe orúkọ Ọlọ́run. Ọkọ mi ń fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọkọ̀ dáa, ó ń sọ̀rọ̀ jù.

"Ẹ rí i, Bàbá? Ẹ rí bó ṣe ń fà?"

"Mo rí i."

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí èèyàn tó wọ Iléṣà láti ọ̀nà yẹn. Ó gùn. Ọkọ mi tẹ búréèkì lókè, ó mú. Ó tẹ̀ ẹ́ ní agbedeméjì, ó mú díẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán nílé. "Bàbá, búréèkì ò sí."

Ó fa gíà wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ké. Pákó ń ti wa láti ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà kan wà níwájú, ó gbé ìyá kan pẹ̀lú agbọ̀n. Ọkọ mi ń tẹ fèrè, kò fọwọ́ kúrò lórí ẹ̀. Ọlọ́kadà náà yà wọnú koríko, agbọ̀n fò. A kọjá lára wọn. Mo rí ojú ìyá náà. Ẹnu rẹ̀ là, mi ò gbọ́ ohun tó sọ.

Ẹnì kan ń kọ́lé lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀. Ó ti já iyanrìn síbẹ̀, òkìtì ńlá. Ọkọ mi yí ọwọ́ ọkọ̀, ó kì í bọ iyanrìn náà. Pákó kan já kúrò lẹ́yìn, ó gba orí wa kọjá, ó lọ gúnlẹ̀ níwájú.

Eruku. Lẹ́yìn náà, kò sí ariwo kankan.

"Mùínàt, o wà?"

Bàbá ni. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. Wọn ò pe orúkọ mi rí.

Mo ní, "Mo wà, Bàbá."

Ọkọ mi gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá fìlà wọn nínú iyanrìn, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n dé e. Wọ́n ní kí a sọ ẹrù kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà tó wà níbẹ̀, kí a dúró kí búréèkì tutù. Nígbà tó tutù, ó tún le. Ẹ rí i bí? Ó le bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì Ọ̀fàtẹ̀dó ṣe bá a. A fi gíà kìíní rìn wọ Iléṣà, a ń lọ bí ìgbín.

Nígbà tí a dé ìsọ̀ Bọ̀wálé, àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyàwó ń pe ọkọ ní Ọ̀nàọlápọ̀. Wọ́n ti mú pásítọ̀ wọn wá. Pásítọ̀ ti gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù dúdú kan, ó ti di ojú.

Bọ̀wálé rí wa. Ó rí iyanrìn lára ọkọ̀. Kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ káàbọ̀ sà." Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ṣé ẹ wá sọ fún wa pé àdúrà yín ò gbà ni?"

Ọkọ mi tẹ orí ba. Èmi ń wá ohun tí màá jù lù ú.

Bàbá rìn lọ síbi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ tí a rà á. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wá ibẹ̀ gan-an.

"Àdúrà mi gbà," ni wọ́n sọ. "Mo ní kí irin má jẹ ọmọ mi. Irin la ẹnu lónìí, kò rí i jẹ. Ó ti gbà, ó ti parí. Wá gba irin rẹ."

Pásítọ̀ la ojú. Ó yọ ọwọ́ kúrò lórí jíìpù bí ẹni tí iná jó. Ọ̀nàọlápọ̀ wo iyanrìn tó ń dà sílẹ̀ lára píkọ́ọ̀pù wa.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ dúró ná. Kọ́kọ́rọ́ dà? Ẹ jẹ́ ká wà á ná."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Wà á jìnnà o. Kí o gbé e gun òkè."

Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín sí wọn, ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbóòórùn lọ́fínńdà kan náà tó fín sínú ọkọ̀. Àwọn géńdé rẹ̀ dìde lórí àga, wọ́n dúró sẹ́nu géètì.

Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Màá gbà á, yèyé. Gbogbo ohun tí ẹ san, ẹ ó gbà á kí ẹ tó kúrò níbí. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́. Ta ló dárúkọ Ìtagúnmódì fún yín?"

Mo tún ìró mi ró.

"Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ni kòtò ló fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ọkọ mi ní, "Mùínàt, sọ fún un. Ká lè máa lọ." Ọkọ mi náà o! Ẹni tí mo torí ẹ̀ kúnlẹ̀, tí mo torí ẹ̀ bú bàbá. Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Mo rántí ẹni náà, bó ṣe ń fọwọ́ pa ibi tó jóná, bó ṣe ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì. Pákó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ìsọ̀ mi. Kò padà wá gbé e.

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" ni Bọ̀wálé bi mí.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù náà. Ó ṣì gbóná.

"Ọkọ̀ rẹ rèé. Bó bá wù ọ́, dá owó wa padà. Bí kò bá wù ọ́, jẹ ẹ́. Ọkọ mi ò ní wà á mọ́."

"Yèyé, mo ní ta ni?"

Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú. A kọjá láàárín àwọn géńdé náà. Wọ́n yà díẹ̀, wọn ò yà tán.

Kò dá nǹkan kan padà. Píkọ́ọ̀pù náà ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n sọ fún mi. Mi ò mọ ẹni tó ń wà á báyìí, mi ò mọ bàbá ta ló gbàdúrà sí i. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹ wo ibi tó jóná lára pẹpẹ ẹrù. Ẹ fa bẹ́líìtì.

Ó ṣì ń fóònù mi. Mo máa ń gbé e, kó má baà rò pé mo ti sá kúrò ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó fóònù lónìí náà, mo wà níwájú ìsọ̀, pákó yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Yèyé mi. Ta ni?"

Mo gbé fóònù létí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò dá a lóhùn.